Ọjọ́ Tí Wọ́n Sọ Àbúrò Mi Kalẹ̀ ní Ìdí Ayùnrẹ́

Ní ìlú wa, lọ́nà oko tó wà lẹ́yìn Èmùré, ọjọ́ kan wà lóṣooṣù tí ẹnikẹ́ni kì í roko. Àìroko ni à ń pe ọjọ́ náà. Ọkọ́ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, àdá kò gbọdọ̀ kan igi. Àwọn tó sùn sí abà máa ń wálé ní àárọ̀, wọn kì í sì í ru ohunkóhun wọlé. Igi ayùnrẹ́ ńlá kan wà níbi tí ilé parí tí oko bẹ̀rẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ àìroko, ẹrù oko kankan kò gbọdọ̀ kọjá igi yẹn wọ̀lú, ìbáà ṣe ewé tí wọ́n fẹ́ fi pọ́n mọ́ínmọ́ín.

Mùsùlùmí ni wá nílé tiwa. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lọ. Bàbá tó ń ṣọ́ ìdí igi náà, tó jogún iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, alàgbà ni nínú ìjọ rẹ̀. Òun ló ń ka Bíbélì lójú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Síbẹ̀ kò sí ilé tí kì í pa àìroko mọ́. Ohun tó mú mi wálé láti Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn: kí ló dé tí ọjọ́ yìí kò tíì parẹ́?

Kí n tó di oníròyìn, ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn ni mo kà ní yunifásítì. Olùkọ́ wa kan máa ń sọ fún wa pé, “Ẹ má da ara yín láàmú bóyá ohun tí wọ́n ń bọ wà tàbí kò sí. Ẹ wo ohun tí bíbọ náà ń ṣe láàrin wọn. Ẹ wo àwọn tó ń kó jọ, ẹ wo ìjà tó ń parí.” Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi lára mu, ó sì wúlò fún mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo lè bi Lèmọ́mù, kí n bi wòlíì, kí n bi ẹni tó ń bọ odò, ìbéèrè kan náà, kí n má bá ẹnì kankan jà. Gbogbo wọn ló sì máa ń rí nǹkan sọ.

Bàbá ti jókòó sídìí igi nígbà tí mo dé.

“Oníròyìn!” ó kí mi. “O tún ti wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu arúgbó, kí o lọ fi jẹun.”

“Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó dùn.”

“Tó bá dùn, èwo ni tèmi níbẹ̀?”

Ìyàwó ilé kan ń bọ̀ láti abà, ó pọn ọmọ, ó ru igi ìdáná. Ó dúró, ó sọ igi náà sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá, láàrin ẹrù àwọn mìíràn tó ti wà níbẹ̀.

“Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ yín jẹ okùn mi o, Bàbá. Tí mo bá padà wá tí mi ò bá okùn, ewúrẹ́ ni n ó fi di igi.”

“Máa lọ, abẹnugan. Ọkọ rẹ ń retí oúnjẹ.”

“Ẹ bá mi sọ fún un kó wá gbé e fúnra rẹ̀.” Ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbọn ọmọ náà sókè lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ọ̀já so, ó sì kọjá igi wọ̀lú. Kò sẹ́ni tó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo gbé fóònù mi sítòsí ẹnu Bàbá. “Kí ni àìroko ń ṣe fún yín gan-an?”

“Ká lè rí ojú ara wa ni. Lóko, oníkálukú wà lábẹ́ kòkó tirẹ̀. Ẹnìkan lè dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọjọ́ pípẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ má mọ̀. Lọ́jọ́ òní, tí o ò bá sí níjókòó, a ó béèrè rẹ.”

Inú mi dùn. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ mi ni, láti ẹnu ẹni tí kò rí olùkọ́ mi rí. Mo ti ń to ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ lọ́kàn mi kí n tó dé ulé, bí a ti ń pe ilé ní Èkìtì.

Ìpàdé ẹbí máa ń wáyé lágboolé wa lọ́jọ́ náà, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ìyá wa jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń fi ojú ka àwọn ọmọ rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ojú rẹ̀ dúró sí ibi tí àbúrò mi ọkùnrin máa ń jókòó sí.

“Ọkọ rẹ dà?” ó bi ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó náà ti ń retí ìbéèrè yẹn, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀. “Ó lọ bo kòkó, Màámi. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ló rí i pé òjò ṣú. Kòkó rẹ̀ wà lórí ẹní ní iwájú ahéré. Mo ní, ‘Àìroko ni òní o.’ Ó ní ṣé òun fẹ́ roko ni, pé tapólín lásán lòun fẹ́ fà bò ó. Ó ní òun ò tilẹ̀ ní mú àdá dání.”

Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo ara wọn. Àgbẹ̀ kòkó ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tí kò tíì ro irú èrò yẹn rí: kòkó tó ti wà lórí ẹní, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán, bíbò kì í ṣe ríro.

“Láti ìrun àárọ̀?” ni Ìyá wa wí. Òjò ti rọ̀, ó ti dá. Ọ̀nà oko náà kò jìn tó bẹ́ẹ̀.

A pe fóònù rẹ̀, kò wọlé. A tún un pè. Nígbà náà ni ohun tí gbogbo èèyàn ní agbègbè wa ń rò láyé ìsinsìnyí wọ inú agboolé náà, kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ fẹ́ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọ́: “Bó bá jẹ́ àwọn ajínigbé ni, wọ́n á pè.” Ó gbé fóònù Ìyá wa sórí àpótí láàrin wa. “Ẹ dákẹ́ ká lè gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá pè, ẹ má sunkún sí wọn létí. Ẹkún máa ń múnú bí wọn.”

A jókòó yí fóònù náà ká bí ẹni tó jókòó ti aláìsàn. Ìyàwó àbúrò mi fi etí ìborùn rẹ̀ di ẹnu ara rẹ̀. Fóònù náà kò dún.

Mo rántí ohun tí Bàbá sọ. Òótọ́ ni: ọjọ́ náà ló jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀kan nínú wa kò sí. Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ilẹ̀ ìbá ṣú kí a tó béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ló kó gbogbo èèyàn kúrò lóko. Tó bá kígbe, ta ló máa gbọ́?

Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú wá. Bàbá kò dá wọn dúró nídìí igi. “Ẹ máa lọ,” ó wí. “Ìbọn kì í ṣe ọkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ òfin ibí.” Àwọn ọmọkùnrin ẹbí wa kan tẹ̀ lé wọn. Èmi náà tẹ̀ lé wọn.

Kì í ṣe ajínigbé. Ògiri ahéré rẹ̀, tí a fi amọ̀ mọ láyé bàbá wa, ti mu omi òjò, ó sì wó lù ú níbi tó ti ń fa tapólín. Ó dùbúlẹ̀ dojú bolẹ̀, amọ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún láti orúnkún lọ sísàlẹ̀. Etí tapólín ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti há.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó wí, “ṣé òjò pa kòkó náà?”

“Kòkó kẹ̀? Gbé ẹnu rẹ sọ́hùn-ún.”

“Mo pariwo títí. Mo tún rántí pé òní ni gbogbo oko dákẹ́. Mo wá ń kírun. Mi ò mọ èyí tí mo kí àti èyí tí mi ò kí.”

A fi ọwọ́ hú amọ̀ náà. Nígbà tí ẹsẹ̀ náà jáde, ó tutù, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí eérú. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ náà, tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn rí, fọwọ́ kàn án, ó sì fà mí sẹ́yìn. “Ẹ má jẹ́ kó gbọ́ o. Ẹsẹ̀ yìí ti pẹ́ lábẹ́ nǹkan. Àfi ká sáré.”

A yọ ilẹ̀kùn ahéré náà, a tẹ́ ẹ sórí rẹ̀, a gbé e lé èjìká. Ọ̀nà ń yọ̀. Bí a bá yọ̀, ó máa ń ké. Bí a bá dúró láti pààrọ̀ èjìká, ó máa ń sọ pé ká má dúró. Mo pe ilé lórí fóònù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti gbà, wọ́n ní Lèmọ́mù ìlú wa ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ọkọ̀ kò lè wọ ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ó dúró sí apá ìlú, ní òdìkejì ayùnrẹ́. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà títì wà. A kàn ní láti kọjá igi ni.

A dé ìdí igi, àwọn tó wà níwájú dúró. Wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ ilẹ̀kùn náà kalẹ̀.

Mo rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. “Ẹ jọ̀ọ́, ó ti kù díẹ̀. Ẹ wo ọkọ̀.”

Ọmọ àbúrò bàbá wa ló dá mi lóhùn, ọkùnrin onísùúrù, bàbá ọmọ wẹ́wẹ́. “Ẹ̀gbọ́n, oòrùn ò tíì wọ̀.”

“Èèyàn nìyí!”

“Láti oko la ti rù ú bọ̀. Orí èjìká wa ló wà.” Kò wo ojú mi. “Lọ́dún tí ẹnìkan gbé igi kọjá ibí lọ́jọ́ yìí, a ò sin àgbà lọ́dún yẹn. Ọmọdé la sin.”

Gbogbo ìlú ti wà lódìkejì, nítòsí ọkọ̀. Mo rí ìyàwó àbúrò mi, àwọn obìnrin dì í mú. Lèmọ́mù pariwo pé, “Ẹ gbé e lórúkọ Ọlọ́run! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wà lọ́rùn ẹni tó bá dá a dúró!”

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbé ilẹ̀kùn fèsì: “Ó dáa, Lèmọ́mù. Ẹ wá gbé ibi orí, èmi á gbé ibi ẹsẹ̀. Ẹ máa bọ̀.”

Lèmọ́mù wo ilẹ̀kùn náà. Ó wo ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tó di aṣọ rẹ̀ mú. Kò kọjá igi.

Mo di ilẹ̀kùn náà mú, mo fà á. Ó rì sínú ẹrẹ̀, àbúrò mi sì ké, mo fi í sílẹ̀. Mo lọ bá Bàbá. Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó mọ̀.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi láàárọ̀ yìí. Ẹ ní ká lè rí ojú ara wa ni. Ẹ wò wá, gbogbo wa ti rí ojú ara wa. Kò sẹ́ni tó ṣẹ́kù sílé. Ohun tí ọjọ́ yìí wà fún, ó ti ṣẹ. Ẹ jẹ́ kó kọjá.”

“O bi mí léèrè ohun tí ọjọ́ yìí ń ṣe fún wa,” Bàbá wí, “mo sì dá ọ lóhùn. O ò bi mí léèrè ohun tó lè ṣe sí wa.”

Mo ti fi ìbéèrè mi jẹun ọjọ́ pípẹ́, mi ò tíì gbọ́ èyí rí.

“Má rò pé mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀,” Bàbá tún wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. “Èmi ni mo kọ́ àbúrò rẹ bí a ṣe ń gbin kòkó lẹ́yìn tí bàbá yín kú. Láti ìgbà tí mo ti rí yín lókèèrè ni mo ti ń wá ọ̀nà. Mo wá a, mi ò rí i. Bó bá jẹ́ orí mi nìkan ló máa gbà á ni, ǹ bá ti gbé e.”

“Ẹ jẹ́ ká dúró di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀,” ẹnìkan wí lẹ́yìn wa.

“Kò ní lè dúró di ìgbà yẹn,” ọdẹ tó mọ iṣẹ́ ìwòsàn wí. Ó ti gbàgbé pé òun ò fẹ́ kí àbúrò mi gbọ́. Àbúrò mi gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìgbà yẹn ni Ìyá wa dé. Eékún rẹ̀ kì í jẹ́ kó yára, àwọn ọ̀dọ́ ti sáré kọjá lára rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó kọjá láàrin èrò, ó kọjá lára Lèmọ́mù, ó kọjá igi bọ́ sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ó wo ẹsẹ̀ náà. Kò sunkún. Ó yíjú sí Bàbá.

“Ìyàwó tó wọlé láàárọ̀, tó pọn ọmọ. Ṣé ẹ ní kó sọ ọmọ kalẹ̀ sídìí igi?”

“Rárá o.”

“Kí ló dé?”

“Ṣé ọmọ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kọ́ ni? A ò ka ìyẹn mọ́ ẹrù rí.”

“Ó dáa,” ni Ìyá wa wí. Ó tú ìborùn orí rẹ̀, ó nà án, ó sì bẹ̀rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn náà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ rẹ̀. “Ẹ gbé e pọ̀n mí.”

Ẹnu ya gbogbo èèyàn. Àbúrò mi ni ọkùnrin tó ga jù nínú ẹbí wa. “Màámi,” ó wí láti orí ilẹ̀kùn, “ẹ̀yin ò lè pọ̀n mí.”

“Mo ti pọ̀n ọ́ rí. Pa ẹnu mọ́.”

Gbogbo wa wo Bàbá. Ó ti dìde dúró. Mo rí ojú rẹ̀: ojú ẹni tó ń rì tí ọwọ́ rẹ̀ ba igi. “Ọmọ ẹ̀yìn ni,” ó wí. Ó wá pariwo, “Ẹ gbé e pọ̀n ọ́n! Kí lẹ ń dúró dè?”

Àwọn ọkùnrin tó ti sọ ọ́ kalẹ̀ ló kọ́kọ́ sáré dé. A gbé e lé Ìyá wa lẹ́yìn. Ìyá wa kò lè nàró. Ó rì mọ́lẹ̀, ó ní, “Yéè!” Àwọn obìnrin kọjá igi wá, wọ́n fi apá di ìdí rẹ̀ mú, àwọn ọkùnrin gba abẹ́ itan, ọdẹ náà gbá ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ mọ́ra. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ìborùn náà yí ọmọ àti ìyá ká, bí a ti ń so ọ̀já, ó ń sọ pé, “Ẹ má jẹ́ kó yọ̀ kúrò lẹ́yìn rẹ̀ o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó wà.” Ìyá wa ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀. Ó ń sọ nǹkan lábẹ́nu, mo rò pé àdúà ni. Nígbà tí mo sún mọ́ ọn, orin tí ó fi ń rẹ̀ wá nígbà tí a wà lọ́mọdé ni. Àbúrò mi ń ké. Báyìí ni a ṣe kọjá igi.

Ní ilé ìwòsàn tí a gbé e dé ní Ìkẹ́rẹ́, dókítà obìnrin kan wo ẹsẹ̀ náà, ó wo wá. “Kí ló dá yín dúró?”

Èmi tí mo máa ń ní ọ̀rọ̀, mo ní, “Ojú ọ̀nà ni.”

Wọ́n tì í wọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ. A jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mi ò mọ ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀, mo bá pe olùkọ́ mi. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ó kẹ́dùn, ó bi mí nípa ẹsẹ̀ náà. Lẹ́yìn náà kò lè mú un mọ́ra: “Ṣùgbọ́n ṣé o rí i? Òfin náà fẹ́ já ìlú sí méjì, ìlú sì wá ọ̀nà kó gbogbo ara rẹ̀ jọ sábẹ́ ẹnìkan ṣoṣo. Ohun tí mo kọ́ yín nìyẹn. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó bọ́ lọ́kàn rẹ.”

“Kí ni ẹni yẹn wí?” Ìyá wa bi mí.

“Ó ní ohun tí ọjọ́ náà ń ṣe ni pé ó ń so wá pọ̀.”

Ó jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, kò lè fara ti ògiri. “Ṣé ìsopọ̀ ni mo bí ni? Ọmọ ni mo bí. Bi í bóyá yóò yè.”

Mi ò tún un pè.

Dókítà jáde nígbà tí ìrètí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú wa. Ó ní ó yè. Ó ní àwọn ti gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Ìyàwó rẹ̀ wólẹ̀ sórí símẹ́ńtì, a kò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni tàbí ọ̀fọ̀.

Ó pẹ́ kí àbúrò mi tó padà sílé. Ọjọ́ àìroko àkọ́kọ́ tó bá a nílé, agboolé wa kún. Bàbá wá. Lèmọ́mù wá, ó sì jókòó sẹ́yìn. Àwọn tó gbé ilẹ̀kùn náà wá pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, èyí tí wọ́n ti rù wọlé ní ọjọ́ tó ṣáájú. Èmi náà wà níbẹ̀. Mi ò tíì kọ ìròyìn náà. Ìwé ìròyìn ti ṣíwọ́ bíbéèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò já geere. Wọ́n ń sọ ti òjò, wọ́n ń sọ ti ọjà kòkó, kò sẹ́ni tó wo ibi tí ṣòkòtò àbúrò mi ká sí. Òun fúnra rẹ̀ ló yíjú sí ọmọ àbúrò bàbá wa.

“Ìwọ. Ṣé mo wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Àwọn kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ẹ̀rín náà mì. Ọkùnrin náà gbé ojú sókè. “O ò wúwo rárá. Àwọn ọmọ mi ni mo ń rò.”

Àbúrò mi fi ọwọ́ pa itan rẹ̀. “Ká ní ìwọ ló wà lórí ilẹ̀kùn,” ó wí, “èmi náà ì bá sọ ọ́ kalẹ̀.”

Bàbá kàn mi orí rẹ̀, ó wo ilẹ̀. Nínú yàrá, níbi tí Ìyá wa dùbúlẹ̀ sí láti ọjọ́ yẹn nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí kò nà mọ́, a gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Èmi ò sọ ọ́ kalẹ̀ o.”

Wọ́n jókòó síbẹ̀, wọ́n ń wo ojú ara wọn, títí oòrùn fi wọ̀.